Hóró Oògùn Márùn-ún

Àpò ìwé kékeré kan ni wọ́n bá lápò obìnrin aránṣọ kan nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Hóró oògùn mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀, apá kan pupa, apá kan yẹ́lò. Kò sí orúkọ oògùn lára àpò náà, kò sì sí orúkọ ẹni tó tà á. Àwòrán méjì péré ló wà níbẹ̀, bírò ni wọ́n fi yà á: oòrùn kan tó ń tàn, àti òṣùpá kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀.

"Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́," ni Àgbọ́tán wí. Ó ń yí àpò náà síwá sẹ́yìn. "Ẹni tó ya èyí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oníbàárà òun ló mọ̀wé kà."

Àgbọ́tán kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ náà torí pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bó o bá ń purọ́ fún un gan-an, á ní kó o pa á parí. Ó gbà pé irọ́ tí wọ́n bá pa tán ló rọrùn jù láti mú.

Dókítà tó gba aránṣọ náà wọlé nu àágùn ojú rẹ̀. "Ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílìnì. Ó ti wà nínú fáìlì rẹ̀ níbí láti ọdún mọ́kànlá. Ojú ti wú, ètè ti wú, ọ̀nà ọ̀fun sì ti fẹ́ dí. Ká ní àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ sí i ni, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé wá."

"Irú oògùn yẹn ló wà nínú àpò yìí?"

"Òun gan-an ni. Oògùn apakòkòrò. A ti fún un lábẹ́rẹ́, a sì ti ki rọ́bà sí i lọ́fun kó lè máa mí. Ẹ ò lè bi í ní nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́."

"Hóró mélòó ló lè ṣe èèyàn báyìí?"

"Ẹyọ kan péré, kò sì ní kọjá wákàtí kan tó bá ti gbé e mì. Ká ní àná ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni, àná ni ì bá ti ṣubú."

Àgbọ́tán kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ní kí kọ́ńsítébù tó tẹ̀ lé e má sọ ọ̀rọ̀ àpò ìwé náà fún ẹnikẹ́ni.

*

Àbúrò aránṣọ ti ń dúró dè wọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin náà ń ta bọ́tìnnì àti òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ha, àfi bíi pé èèyàn ń wọ́ páànù lórí síméǹtì.

"Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni! Ẹ mú obìnrin yẹn! Òun ló gbé tíì wá fún un láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún, kò pẹ́ rárá, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀."

"Kí ló máa mú un fẹ́ pa ìyá ọkọ rẹ̀?"

"Wọ́n jà lánàá! Láti ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní, 'Á pa yín!' Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé pẹnisílìnì ni. Ta ni ò mọ̀ nínú ẹbí wa pé ara wa kì í gbà á? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀ ní kékeré, àwa méjèèjì la sì jọ wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po ìwúkàrà mọ́. Obìnrin yẹn mọ̀. Ó lọ oògùn, ó pò ó mọ́ tíì!"

Àgbọ́tán jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó fún un ní omi, ó sì ní kó lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó jáde, kọ́ńsítébù mi orí.

"Màdáàmù, ọ̀rọ̀ yìí bára mu o."

"Aṣọ tí wọn ò wọn èèyàn kí wọ́n tó rán náà máa ń dára lórí tábìlì," ni Àgbọ́tán dá a lóhùn. "Ìgbà téèyàn bá wọ̀ ọ́ la máa ń mọ̀. Pe ìyàwó ọmọ náà wọlé."

Ọmọbìnrin tínínrín kan ló wọlé. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ tó ń pín omi, aṣọ iṣẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún.

"Ṣé lóòótọ́ lo sọ fún ìyá ọkọ rẹ lánàá pé 'Á pa yín'?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Kọ́ńsítébù na bírò rẹ̀ sókè. Àgbọ́tán ò tiẹ̀ wò ó.

"Kí ló máa pa wọ́n?"

"Ehín ni, mà. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ti wú. Mo ní ká lọ rí dókítà. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ tò sórí ìlà látàárọ̀ dalẹ́ nígbà tí aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀. Inú bí mi, mo ní, 'Màmá, ẹ má fi ehín yìí ṣeré o, á pa yín!' Wọ́n ní kí n máa bá tèmi lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kí n lọ fi tíì àti búrẹ́dì rírọ̀ bẹ̀ wọ́n, torí wọn ò lè rún nǹkan líle."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tó o gbé e dé?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, mà. Wọ́n ní àwọn ti rí oògùn gidi rà lánàá, pé wọ́n ní kí àwọn jẹun dáadáa kí àwọn tó lò ó. Wọ́n ní lálẹ́ àná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò jẹ́ kí àwọn lè jẹ nǹkan kan, pé tíì mi bọ́ sákòókò." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí mi ò bá gbé tíì yẹn lọ ni…"

"Ibo ni wọ́n ti rà á?"

"Wọn ò sọ. Èmi náà ò bi wọ́n, kí wọ́n má baà ní mo tún ti dé."

"Nu ojú rẹ," ni Àgbọ́tán wí. "Máa lọ sílé ìwòsàn, ìyá ọkọ rẹ á fẹ́ rí ọ nígbà tó bá jí."

Ẹnu ya kọ́ńsítébù. "Màdáàmù! Ẹ dá a sílẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ fi májèlé pààyàn kì í wá búrẹ́dì rírọ̀ kiri nítorí ehín ẹni tó fẹ́ pa. Mélòó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ládùúgbò yẹn?"

"Méjì ni. Mo ti débẹ̀ láàárọ̀. Àwọn méjèèjì ló ní àwọn kì í ta apakòkòrò fún ẹni tí kò bá mú ìwé dókítà wá."

"O dé fìlà ọlọ́pàá lọ bá wọn, o sì ń retí òótọ́?"

Ó tú àpò ìwé náà palẹ̀ sórí tábìlì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ká a, wọn ò rà á lọ́jà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ìwé gbogbo, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dán, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka.

"Ìwé wo nìyí?"

Kọ́ńsítébù fọwọ́ pa á. "Bóyá èyí tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ?"

"Bóyá," ni Àgbọ́tán wí. Kò sì jọ pé ó gbà.

*

Ó bọ́ káàdì ọlọ́pàá kúrò lọ́rùn, ó fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ bí ẹni tí kò sùn mọ́jú. Dókítà Kékeré ni àdúgbò ń pe ẹni tó ni ín. Kò ka ìwé ìṣègùn kankan rí, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn tí kò ní oògùn rẹ̀.

"Ehín ni àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, Màmá?"

"Ehín ni, ọmọ mi. Ó ń—"

"Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tó yẹ lẹ wá." Kí Àgbọ́tán tó mí tán, ó ti ka hóró mẹ́fà sílẹ̀, pupa àti yẹ́lò.

"Ṣé kò ní gba ìwé dókítà?"

"Ìwé wo, Màmá? Èmi yìí gan-an ni ìwé."

Ó da oògùn náà sínú ọ̀rá, ó fi bírò ńlá kọ nọ́ńbà sí i lára. Àgbọ́tán ní òun ò mọ nọ́ńbà kà, kó jọ̀ọ́ kó bá òun ya àwòrán sí i.

"Àwòrán kẹ̀? Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín kà á fún yín, Màmá. Ẹni tó kàn!"

Káàdì ọlọ́pàá ló kàn. Ó gbé e sórí káńtà, ẹnu Dókítà Kékeré sì là sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n gba oògùn náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọ́n sì ní kó ti ilẹ̀kùn títí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó oògùn á fi dé.

"A ti rí i mú!" ni kọ́ńsítébù ń yọ̀ níta.

"A mú ẹnì kan. Kì í ṣe ẹni tá à ń wá nìyẹn. Inú ọ̀rá lòun ń da oògùn sí, kò sì ní sùúrù tí yóò fi ya oòrùn. Ẹni tó ya oòrùn yìí fara balẹ̀ kó tó yà á. Ó fẹ́ràn ẹni tó ń yà á fún."

*

Ṣọ́ọ̀bù kejì mọ́ tónítóní. Apòògùn tó ni ín jẹ́ bàbá kan tó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, okùn sì so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó tẹ́tí sí ẹjọ́ ehín Àgbọ́tán, ó sì mi orí.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Mi ò lè ta apakòkòrò fún yín láìsí ìwé dókítà. Ṣé ẹ ti lo oògùn kan rí tó bá ara yín jà?"

Àgbọ́tán bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Oògùn ara ríro nìkan ló gbà láti tà fún un. Ó tẹ orúkọ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó sínú ẹ̀rọ kékeré kan, lébẹ̀lì jáde, ó ṣí i kúrò lára ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ó wá ju ìwé ẹ̀yìn náà sínú agbọ̀n lábẹ́ káńtà.

Àgbọ́tán bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó fi ìka pa á. Ó ń dán, ó sì ń yọ̀.

Ó tú gèlè kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. "Bàbá, ta ló ń lo àwọn ìwé yìí tẹ́ ẹ bá ti ṣí lébẹ̀lì kúrò?"

"Ìyàwó mi ni. Kì í fẹ́ ká fi nǹkan ṣòfò. Ó ń fi wọ́n ká àpò kéékèèké." Nígbà yẹn ló rí káàdì lọ́wọ́ Àgbọ́tán. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Tẹ́ ẹ bá lọ jẹun ọ̀sán, ta ló ń dúró síbí?"

Apòògùn yọ awò ojú rẹ̀. Ó kàn yíjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí, tó sì ń wo àpò ìwé tó wà lọ́wọ́ kọ́ńsítébù.

"Èmi ni mo yà á," ni obìnrin náà wí.

"Ìwọ? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí?"

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ máa ń lé wọn. Èmi ni mo máa ń rí wọn níta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lé wọn tán. Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn wa lánàá, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní bí òun bá lọ sílé ìwòsàn, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Mo mọ èyí tẹ́ ẹ máa ń fún àwọn tó bá mú ìwé ehín wá. Mo mú un fún un."

"O bi í bóyá ó lóògùn tí ara rẹ̀ ò gbà?"

"Òun gan-an ló bi mí. Ó ní, 'Ṣé kì í ṣe pẹnisílìnì o?' Mo gbé páálí rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Amọsisílìnì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní rárá, orúkọ tiẹ̀ yàtọ̀."

Apòògùn fọwọ́ méjèèjì bojú. "Ọmọ ìyá ni òun àti pẹnisílìnì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n!"

Obìnrin náà di etí káńtà mú. Kọ́ńsítébù ló yára fa àga sí i nídìí. "Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú," ni Àgbọ́tán wí. "Hóró mélòó lo kà fún un?"

"Mẹ́wàá. Ti ọjọ́ márùn-ún."

"Ó dá ọ lójú?"

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kà á."

Àgbọ́tán dìde dúró. "Kọ́ńsítébù, mẹ́rin ló wà lápò rẹ̀. Àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan ló sì gbé mì."

"Ó ku márùn-ún," ni kọ́ńsítébù wí. "Bóyá ó jábọ́. Ṣebí a tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti yàrá rẹ̀, a ò rí nǹkan kan."

"Oògùn téèyàn fẹkún rà kì í jábọ́. Ó fún ẹnì kan ni. Ta lèèyàn sì máa ń pín oògùn fún? Ẹni tó fẹ́ràn, tára rẹ̀ ò yá." Ó dijú. "Ohùn ta ló ha láàárọ̀ yìí?"

"Àbúrò rẹ̀. Ẹkún ló sun, Màdáàmù."

"Kò tíì tó wákàtí méjì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú tá a fi bá a ní àgọ́. Ẹkún àárọ̀ kan kì í sọ ohùn dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun ló ti ń dùn ún tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí oògùn gidi, ó pín in sí méjì, márùn-ún fún àbúrò, márùn-ún fún ara rẹ̀."

Ojú kọ́ńsítébù là. "Òun ló sì sọ fún wa pé abẹ́rẹ́ ìjọ́sí, àwọn méjèèjì ló jọ—"

Láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí Àgbọ́tán kò dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán. Ó ti jáde, ó ń sáré.

*

Kọ́ńsítébù ń pe fóònù ilé ìwòsàn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n yà sí ọ̀nà tóóró tó lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le.

Àga gígùn kan wà níbẹ̀. Ìyàwó ọmọ jókòó sí ìpẹ̀kun kan, àbúrò aránṣọ jókòó sí ìpẹ̀kun kejì, búrẹ́dì àti fúláàsì tíì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn sì wà láàárín wọn. Àbúrò aránṣọ ń jẹ bisikíìtì tó lọ fúnra rẹ̀ rà lẹ́nu géètì. Ó gbé èyí tó kẹ́yìn mì, ó gbé ife omi, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ òsì. Nǹkan pupa àti yẹ́lò kan wà níbẹ̀.

"Ẹ má gbé e mì!"

Igbe náà le débi pé ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbọ́tán ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Mélòó lẹ ti lò?"

"Mi ò tíì lo ìkankan! Kí ni mo ṣe?"

"Ìkankan? Láti àná?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi láàárọ̀, kó tó di pé… Ó ní kí n jẹun kí n tó lò ó. Oúnjẹ ò wá wọ ẹnu mi láti ìgbà náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé búrẹ́dì wá, mo ní ṣé ó fẹ́ pa èmi náà ni. Nígbà tí ọ̀fun ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́, mo lọ ra bisikíìtì." Ó gbìyànjú láti fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Oògùn gidi ni o. Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n dáadáa. Wọ́n ní kì í ṣe pẹnisílìnì."

"Àbúrò pẹnisílìnì ni," ni Àgbọ́tán wí. "Òun ló di ẹ̀gbọ́n yín lọ́fun."

Kọ́ńsítébù ti tú àkísà aṣọ tí wọ́n di ìyókù sí. Ó kà á sókè. "Mẹ́rin. Pẹ̀lú ti ọwọ́ wọn, márùn-ún. Ó pé, Màdáàmù. Ó pé!"

Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń yọ̀ sísàlẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kanlẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Àgbọ́tán jókòó sórí àga náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní ilé ìwòsàn ni wọ́n wà o. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ wọn dá ṣáká.

Nígbà tí Àgbọ́tán ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán, àbúrò aránṣọ mú ife tó jábọ́ nílẹ̀. Ó wo búrẹ́dì náà. Ká ní ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn lọ́sàn-án ni, òun náà ì bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà lọ́fun. Ó fẹ́ gba ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo pè ọ́ ní apààyàn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Níwájú ọlọ́pàá."

"Bí ẹ ṣe fẹ́ràn Màmá tó ló fà á," ni ìyàwó ọmọ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ nǹkan tó tó jẹ."

Ó já búrẹ́dì náà sí méjì. Obìnrin náà gbà á, ó ń jẹ, ó ń sunkún.

*

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti yọ rọ́bà lọ́fun aránṣọ. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí fúnra rẹ̀, ó sì mọ gbogbo wọn. Dókítà ti rí ehín náà, ó ní oògùn mìíràn wà tí kò ní bá ara rẹ̀ jà.

Apòògùn àti ìyàwó rẹ̀ wá. Wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ní àgọ́, wọ́n sì ti ti ṣọ́ọ̀bù náà títí àwọn aláṣẹ yóò fi sọ ohun tó kù. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Àánú mi ló ṣe ọ́," ni aránṣọ fi ohùn kékeré wí. "Mo mọ̀. Dìde."

"Èmi náà jẹ̀bi," ni apòògùn wí. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé 'rárá'. Mi ò jẹ́ kí àwọn tí mo dá padà mọ ibi tí wọ́n máa gbà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn padà, ẹni tí mo bá dá padà, èmi ni n óò bá a pe dókítà kó tó kúrò níwájú mi."

Àgbọ́tán fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ìyẹn. Lẹ́nu ọ̀nà, ó pàdé dókítà tó ń mú ìwé kan wọlé fún ọmọ ìyá méjèèjì, kí wọ́n máa mú un dání níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gba oògùn. Ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Ìyàwó ọmọ ló ń kà á fún wọn. "Pẹnisílìnì. Amọsisílìnì. Ampisílìnì. Kulọsasílìnì…"

"Ìdílé ńlá ni wọ́n," ni aránṣọ wí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó wa, tún un kà," ni àbúrò rẹ̀ wí pẹ̀lú ohùn tó ha. "Rọra kà á. Mo fẹ́ mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè yà fún wọn bí mo bá pàdé wọn lọ́nà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.